Ife Kẹta Lójú Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí. Alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nílé. Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Sáyẹ́ǹsì ni lọ́tẹ̀ yìí. Alábẹ̀wò fúnra ẹ̀ ló pè. Ohùn obìnrin náà dùn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó sọ ni ò dùn. Ó ní ohun tí ọmọbìnrin mi kọ sílẹ̀ nígbà tóun wá lọ́jọ́sí dára, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rárá. Lọ́tẹ̀ yìí òun fẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé. Bí kò bá lè ṣe é, kó padà sílé ìwé ní sáà tuntun. Mo ní, kò burú mà. Èmi tí mo fi bí ọdún márùn-ún ju obìnrin yẹn lọ. Ìbẹ̀rù ò mọ àgbà.

Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin mi náà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. 

Ṣá, mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo fẹ́ kọ eléyìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n má tún kọ ọ́ mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí Jẹ́jẹ́ ti kúrò nílé ìwé. Wọ́n ń kọ́ wọn nípa afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi nawọ́, ó bi tíṣà bóyá ó máa ń rẹ afẹ́fẹ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Ó-Rẹ-Afẹ́fẹ́ di orúkọ ẹ̀. Nígbà tó yá, kò bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bá oníbàárà mi sọ̀rọ̀, kò bá dókítà sọ̀rọ̀, àní kò bá ọmọ ilé kejì sọ̀rọ̀. Nínú ilé, ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn ní yàrá kejì. Ibẹ̀ ló ti di Jẹ́jẹ́.

Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún méje, ni Agbẹjọ́rò. Bó o bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á ní kó o mú ẹlẹ́rìí wá.

Èmi kì í ṣe tíṣà. Télọ̀ ni mí. Ohun tí mo bá fẹ́ kọ́ wọn lọ́la, òní ni mò ń kọ́ ọ. Nígbà míì, mo máa ń fi ojú ewé kan péré ṣáájú wọn.

Ọjọ́ Rírú, 5

Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni kíláàsì wa. Láàárọ̀, màá ká aṣọ oníbàárà kúrò, màá gbá òwú àti abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀, ó di ilé ìwé títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún padà di ṣọ́ọ̀bù.

A gbin ẹ̀wà lónìí. Ife oníke búlúù mẹ́ta, iyẹ̀pẹ̀ kan náà, ẹ̀wà láti inú àpò kan náà. Ife kìíní: omi àti ìmọ́lẹ̀, ó wà lójú fèrèsé. Ife kejì: omi, kò sí ìmọ́lẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó aṣọ tí mo ti rán tán sí. Ife kẹta: ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sómi rárá, òun náà lójú fèrèsé. Mo ní kí oníkálukú sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ife kìíní nìkan ló máa hù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ní òun ò lè sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rí.

Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Wọ́n bi mí pé kí ni ife kẹta ṣe wá tá ò fún un lómi. Mo ní kò ṣe wá ní nǹkan kan, àyẹ̀wò ni. Wọ́n ní, hẹn-ẹn. Mo mọ hẹn-ẹn yẹn. Òun náà ni wọ́n sọ lọ́jọ́ tí ọmọ wọn kọ́kọ́ mú mi wálé.

Ọjọ́ Bọ̀, 6

Bẹ́líìtì maṣíìnì já. Kò sí ẹ̀kọ́. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ fura sí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Yìnyín lónìí. Bàbá wọn, tó ń fi títún fíríìjì ṣe jẹun, ló kọ́ mi ní èyí. Yìnyín méjì tó dọ́gba. A fi aṣọ òtútù tó nípọn wé ọ̀kan, a fi ìkejì sílẹ̀ lásán nínú abọ́. Èwo ló máa kọ́kọ́ yọ́? Agbẹjọ́rò ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní èyí tá a wé ni, torí pé aṣọ òtútù ló ń mú èèyàn gbóná. Ẹjọ́ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, mi ò ní parọ́. A dúró. A mu tíì, a jẹ búrẹ́dì, a tú aṣọ. Èyí tá a wé ṣì wà bó ṣe wà. Ìkejì ti di omi. Agbẹjọ́rò ní òun máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Jẹ́jẹ́ ló dá ẹjọ́ náà. Ó ronú títí, ó wá ní aṣọ ò ní iná nínú, ìlẹ̀kùn ló jẹ́. Bí inú bá gbóná, kì í jẹ́ kí ooru jáde. Bí ìta ló bá gbóná, kì í jẹ́ kí ooru wọlé.

Mo ti ń rán aṣọ òtútù láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, mi ò ronú kan ìyẹn rí. Mo lọ dúró ní kíṣíìnì díẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́n. Ta ló máa wá gbà pé ó gbọ́n bí kò bá lanu fún ẹlòmíì?

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ife kìíní ti hù! Agbẹjọ́rò ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti múra láti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀wà inú òkùnkùn ti hù, ó tiẹ̀ ga ju ti ojú fèrèsé lọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ yíjú sí mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

A jọ wá ìdí ẹ̀. Oúnjẹ wà nínú ẹ̀wà fúnra ẹ̀, òun ló ń jẹ, ó sì ń na ọrùn kó lè rí ìmọ́lẹ̀ kí oúnjẹ náà tó tán. Jẹ́jẹ́ fi ìka kan ẹ̀yìn ewé náà bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ó ní ká gbé e síta, ó ti tó. A gbé e síta.

Mo dúpẹ́ fún ohun tí mi ò mọ̀. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, mi ò bá ti sọ̀rọ̀ borí wọn.

Ọjọ́ Rírú, 12

Ọ̀ràn rèé. Ife kẹta hù.

Ife tí kò sómi nínú ẹ̀. Ó hù, ó yọ ewé méjì, ó ń wò mí. Inú bí mi. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Alábẹ̀wò ń bọ̀, ẹnì kan wá ń fi mí ṣeré. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, Agbẹjọ́rò ni mo kọjú sí. Ta ló tún máa ń fi omi ṣeré nínú ilé yìí? Ó ní òun kọ́. Mo ní kó má parọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀rí dà. Mo ní ẹnu ẹ̀ ni ẹ̀rí. Ó bá bú sẹ́kún, ẹkún gidi, kì í ṣe ti kóòtù.

Jẹ́jẹ́ ti ń fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀. Ó ní ó tutù. Ó wá fọwọ́ ra ojú fèrèsé. Ó ní kì í ṣe àbúrò òun, torí pé bó bá jẹ́ òun ni, omi á ti dà síbi gbogbo. Ẹni tó ń bomi rin ín mọ omi dà.

Mo bẹ Agbẹjọ́rò. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Mo sọ ọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ojú tì mí, bó ṣe kéré tó yẹn.

Ọjọ́ Bọ̀, 13

Oníkánjú wá wọ aṣọ ẹ̀ wò. Oníbàárà mi ni, aṣọ tó bá gbé wá láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ gbà á. Ó rí ife lójú fèrèsé, ó ní ṣé èyí náà la wá ń pè nílé ìwé. Ó ní ọmọ tí ò jókòó láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ dà. Ó kí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti wọnú yàrá. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n fèsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Nígbà tó lọ, Jẹ́jẹ́ jáde, ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun ò lè sọ, torí èmi náà wà lára àwọn tóun ń fura sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Jẹ́jẹ́ lọ ṣọ́ọ̀kì di lẹ́búlẹ́bú, ó fi ra ara ife kẹta yí ká. Ife búlúù, ṣọ́ọ̀kì búlúù, ojú ò lè rí i. Láàárọ̀, ó ní kí n na ọwọ́ mi. Mo nà á. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá-sẹ́yìn, ó ní kí n máa lọ. Bàbá wọn náà na tiẹ̀, gíríìsì ló bá níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kó má kúrò nílùú.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú Jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Gbogbo wa wà nídìí tíì. Màmá nawọ́ gbé búrẹ́dì. Ìka mẹ́ta, búlúù.

 Agbẹjọ́rò fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Bàbá wọn wo ìka ìyá ẹ̀, ó wo òrùlé. Màmá ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì wọn, bọ́tà náà ti ń di búlúù, wọ́n wá dúró. Wọ́n wo ìka wọn. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá, àwa yòókù náà bá bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé báwọn á ṣe máa wo ohun ẹlẹ́mìí kó kú sójú àwọn nìyẹn. Wọ́n ní ojoojúmọ́ lẹ ń fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lómi, òun náà ń wò ó, ẹ ò tiẹ̀ ro bó ṣe máa rí lára ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àyẹ̀wò jẹ́, wọ́n ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé àwọn ti ń gbin nǹkan kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n gbé tíì wọn, wọ́n wọlé.

Ta ló ń bomi rin ín bí ẹni ń jalè? Ìyá ọkọ mi. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń ṣe bí ẹni pé wọn ò fẹ́ràn nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Màmá ò bá wa jẹun. Ọmọ wọn lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ò bínú, ara ló ń ro àwọn. Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ wá ife mìíràn, ó gbin ẹ̀wà sí i, ó gbé e lọ sí yàrá wọn. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè parọ́. Ó ní, Màmá Àgbà, eléyìí tiyín ni, ẹ lè fún un lómi bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ fún mi, òun ló ń sọ òótọ́ fún wa. Màmá ní ṣé òótọ́ ló máa ń ti inú òùngbẹ jáde ni. Jẹ́jẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà míì.

Wọ́n wá jẹun alẹ́. Wọ́n gbé ife wọn dání.

Ọjọ́ Ajé, 17

A tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ife mẹ́ta, iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Màmá fúnra wọn ló ń ṣọ́ ìkẹta báyìí, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ife omi kọjá níwájú ẹ̀.

Ẹ̀wà ti yanjú. Ẹnu ló kù. Bàbá wọn wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé báàgì irinṣẹ́ ẹ̀ dání, ó ní òun ni Alábẹ̀wò. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, ó dáa ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹni tí a ò mọ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Oníkánjú tún dé. Jẹ́jẹ́ ti sọ fún mi láàárọ̀ pé òun máa gbìyànjú, òun máa kí i, ọ̀rọ̀ kan péré. Ó jáde wá lóòótọ́. Ó dúró níwájú obìnrin náà, ó la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Oníkánjú, ẹni tí mo rò pé kò ní sùúrù, dúró, ó fara balẹ̀, ó ń wò ó. Síbẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Omi bọ́ lójú ọmọ mi, ó sá wọlé. Oníkánjú fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní kí n má kánjú. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Lẹ́yìn tó lọ, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo gbé fáànù onídùúró wá sí pálọ̀. Mo gé aṣọ pẹ́lẹ́bẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, a so wọ́n mọ́ okùn láti iwájú fáànù títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo tan fáànù. Ti iwájú ń fò. Ti àárín ń mì. Ti ẹnu ọ̀nà kàn so rọ̀ síbẹ̀. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ sọ ohun tó rí fún mi.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ń kọlu èyí tó ti wà nílẹ̀, ó ń tì í, bó ṣe ń tì í ni agbára ẹ̀ ń dínkù. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, Màámi, ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìbéèrè tó dáa ni. Látìgbà yẹn ló ti dáa.

Mo sunkún, òun náà sunkún. Agbẹjọ́rò wọlé, ó ní ta ló ṣẹ̀ wá, òun máa gbà wá.

Ọjọ́ Rírú, 26

Ọ̀la ni. Mo gbá ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Jẹ́jẹ́ ní bí òun ò bá lè sọ̀rọ̀ ńkọ́. Mo ní bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ọmọ mi náà ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Bọ̀, 27

Kí n jókòó kọ ọ́ dáadáa.

Alábẹ̀wò dé kí á tó retí ẹ̀. Obìnrin kúkúrú, báàgì ńlá, bàtà tó ń dún kó-kó. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Màmá gbé omi fún un nínú gíláàsì tó dára jù nílé, ó mu ìdajì. Ó jókòó sídìí tábìlì wa, ó ní kí Jẹ́jẹ́ sọ ohun tá a ti ń ṣe fún òun. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀. Alábẹ̀wò dúró dè é. Ó tún béèrè, ó yí i padà, ohùn ẹ̀ rọ̀. Ilẹ̀ náà ni Jẹ́jẹ́ ń wò. Agbẹjọ́rò la ẹnu láti gba ẹjọ́ náà rò, mo fi ojú bá a wí.  Mo ti ń ro bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́, bí màá ṣe ní kó fún wa ní oṣù kan sí i, mo ti ń rí ọmọ mi lẹ́nu géètì ilé ìwé yẹn tó ń wo bàtà ẹ̀.

Alábẹ̀wò mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ síbi fèrèsé, gíláàsì ẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ife kìíní. Ó wo ìkẹta, tí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ti gbẹ débi pé ó ti sán. Ó ní, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, pé òùngbẹ ti fẹ́ pa èyí. Ó na gíláàsì síbẹ̀, ó fẹ́ da ìyókù omi sí i.

Jẹ́jẹ́ ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bomi rin ín.

Kì í ṣe jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ará òpópónà á ti gbọ́.

Ọwọ́ Alábẹ̀wò dúró sójú kan. Ó ní kí ló dé. Ọmọ mi bá ń sọ ọ́. Ó ní ife yẹn ni kì í jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Ó ní bí ẹ bá fún un lómi, ife méjì kan náà la ní, a ò wá mọ̀ bóyá omi ló mú èkíní hù àbí nǹkan míì. Ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ló bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò bo àṣírí ẹnikẹ́ni: kọ́bọ́ọ̀dù, bí èmi náà ò ṣe mọ̀, bí mo ṣe fi ẹ̀sùn kan àbúrò ẹ̀ (Agbẹjọ́rò mi orí), ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tó dórí ìka búlúù, Màmá tí wọ́n jókòó ní kọ̀rọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Alábẹ̀wò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ̀wà ife kẹta ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò ronú kan ìyẹn. Jẹ́jẹ́ ní Màmá Àgbà ló bá wa mọ̀ ọ́n. Ti àkọ́kọ́ kò hù títí wọ́n fi fún un lómi, wọ́n fún un lómi, ó hù. Nítorí náà ẹ̀wà inú àpò yẹn ò bàjẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe tiwọn, àwa ò bá má mọ̀. Màmá mú ọwọ́ wọn jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n jókòó dáadáa.

Ó ku ìbéèrè kan. Alábẹ̀wò ní ife kọ̀ọ̀kan péré lẹ ní. Bí ogún ọmọ bá ṣe é, ní ogún ilé, ṣé bó ṣe máa rí náà nìyẹn? Jẹ́jẹ́ ronú. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun á fẹ́ mọ̀.

Obìnrin náà ti ìwé ẹ̀ pa. Ó ní ká máa bá a lọ nílé, títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo wá yadi.

Ṣé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ bomi rin ín ni? Mi ò ní bi í láé.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá — mo lọ bá wọn ní yàrá, mo sọ ọ́ fún wọn lójú wọn. Wọ́n ní, hẹn-ẹn. Wọ́n wá ní kí n jókòó. A jókòó pa pọ̀, a ń wo ẹ̀wà wọn. Ó tún ti yọ ewé tuntun.

Kò sí ẹ̀kọ́ lónìí. Bẹ́líìtì ò já. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Mò ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ́wọ́, Jẹ́jẹ́ wá jókòó tì mí. Ó ní, Màámi, ẹ má bínú o. Ó ní òun fẹ́ padà sílé ìwé.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó ní òun àti Agbẹjọ́rò ò lè pé ogún láé. Ó ní òun ti ń ronú nípa ogún ife yẹn láti ọjọ́ Bọ̀. Mo ní bí wọ́n bá tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín ńkọ́. Ó ní wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó ní àwa náà fi Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà ò kú.

Mo ní ká ṣì rò ó. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Keje

Ó dùn mí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Mo ja ìjà yìí, mo borí, ẹni tí mò ń tìtorí ẹ̀ jà wá dìde kúrò níbẹ̀. Ta ni màá wé yìnyín fún? Ta ló máa wo ojú mi nígbà tí mi ò bá mọ ìdáhùn?

Mo sọ fún bàbá wọn. Ó ń jẹun, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní ṣebí ohun tá a ń tọrọ nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló wá dé tí mo ń da omi ojú sára aṣọ oníbàárà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣì ń sunkún. Ó ní òun náà fẹ́ràn kó wà nílé, òun ò kàn sọ ọ́ ni. Ọkùnrin yìí. Mi ò mọ̀.

Agbẹjọ́rò ní òun ò bá ẹnikẹ́ni lọ o. Ó ní kíláàsì wa ò gbọdọ̀ wó, òun ṣì ní ẹjọ́ yìnyín níwájú mi. Mo dúpẹ́ pé ó ku ẹnì kan tí màá máa bá jiyàn.

Mo ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ. Mo sọ ọ́ fún un lálẹ́ yìí, mo gbá a mọ́ra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Keje

Mo ra aṣọ yúnífọ́ọ̀mù Jẹ́jẹ́ láàárọ̀. Èmi ni màá rán an, mi ò ní gbé e fún télọ̀ kankan. Mo ní kó wá dúró sórí àpótí kí n wọ̀n ọ́n. Ó dúró. Ẹnu ẹ̀ ni ò dúró. Ó ń sọ bí òun ṣe máa pín ife fún kíláàsì, ta ló máa fi tiẹ̀ sínú òkùnkùn, ta ni ò ní gbọdọ̀ fún tiẹ̀ lómi, bí òun ṣe máa sọ fún tíṣà pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣàánú ẹ̀. Oníkánjú wọlé wá gba aṣọ ẹ̀, Jẹ́jẹ́ kí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, òun ló wá ń sọ ọ́ fún báyìí. Mo wọn èjìká ẹ̀, mo gbàgbé iye tó jẹ́. Mo tún un wọ̀n, mo tún gbàgbé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́ díẹ̀, kí n lè ka téèpù.